Sìkéèlì ló yẹ kí n kọ́kọ́ rà

Ọmọ Ire-Èkìtì ni mí. Tí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀ báyìí àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ìwọ ọmọ ilé Ògún, ṣé ọ̀rọ̀ ìbọn tún le fún ẹ ni. Wọ́n ṣáà máa ń sọ ọ́ pé Ire kì í ṣe ilé Ògún, ẹmu ló yà mu níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ èmi àti ìbọn ṣe rí gan-an nìyẹn, mo kàn yà síbẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ọdẹ, Bàbá Ọdẹ la ń pè wọ́n, èmi ni mo máa ń bá wọn gbé àpò tí mo bá ti gba ọlidé wá sílé, mo sì máa ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ki ṣakabùlà wọn. Wọ́n á da ẹ̀tù sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á wò ó, wọ́n á yọ díẹ̀ kúrò tàbí kí wọ́n fi díẹ̀ kún un, wọ́n á dà á sẹ́nu ìbọn, àkísà á tẹ̀lé e, ọ̀pá á wọlé, gbì gbì gbì, ó parí. Kò sí ìwé, kò sí òṣùwọ̀n kankan. Àtẹ́lẹwọ́ ni òṣùwọ̀n wọn, èmi náà sì rò pé bí gbogbo ìbọn ayé ṣe rí nìyẹn.

Èrò yẹn ni mo gbé dé Texas, níbi tí mo ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń ki kátíríìjì fúnra rẹ̀. Irinṣẹ́ tí mo rà fún un, àti àṣìṣe tí mo ṣe, ni mo fẹ́ sọ.

Ọdún 11 ni mo lò níbẹ̀ kí n tó padà wálé. Iṣẹ́ wíàháòsì ni mo kọ́kọ́ ń ṣe, ọ̀gá mi níbẹ̀, bàbá òyìnbó kan tó ti lé ní 60 ọdún, ló mú mi lọ sí oko ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan torí pé túùkú ń ba àgbàdo jẹ́ fún ọ̀rẹ́ ọ̀ún. Túùkú tiwọn yẹn kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọdẹ wa ń pa ní apá Ìṣẹ̀ níbí o, ẹlẹ́dẹ̀ ilé tó sá wọ igbó láyé àtijọ́ ni, tó wá pàdé ẹlẹ́dẹ̀ igbó tí wọ́n kó wá láti Yúróòpù, wọ́n sì ń bí bí eku. Ìjọba Texas fúnra wọn ò fẹ́ rí wọn sójú, láti 2019 o ò nílò láìsẹ́ńsì ọdẹ mọ́ láti pa wọ́n lórí ilẹ̀ aládàáni tí onílẹ̀ bá ti fọwọ́ sí i. Mo yin ìbọn lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ náà mi ò ba ohunkóhun, ṣùgbọ́n inú mi dùn délé bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún tí ọ̀rọ̀ yìí á máa wù, ẹ kọ́kọ́ lọ wo pépà yín dáadáa. Green card ni mo fi ra ìbọn tèmi. Tó bá jẹ́ fisa akẹ́kọ̀ọ́ tàbí fisa àbẹ̀wò lo fi wọlé, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ò gbà kí o ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi àwọn ààyè kéékèèké kan bíi kí o ní láìsẹ́ńsì ọdẹ, ọ̀rọ̀ lọ́yà sì nìyẹn, má gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀rẹ́. Kátíríìjì tí o bá kì fún ara rẹ, ìjọba àpapọ̀ ò bi ọ́ ní láìsẹ́ńsì. Ọjọ́ tí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í tà ló di ẹjọ́ mìíràn.

Ráífù tó ń lo kátíríìjì tí wọ́n ń pè ní .308 ni ọ̀gá mi ní kí n rà. Ilé iṣẹ́ Winchester ló gbé .308 jáde ní 1952, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù ìbọn tí o máa wọ̀ ní Amẹ́ríkà tí o ò ní bá nǹkan rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ra ìbọn tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lẹ máa rí kátíríìjì rẹ̀ rà. Kátíríìjì 20 ló ń wà nínú páálí kan, mo sì ń san bíi dọ́là 25 sí 30 lórí páálí yẹn, Sátidé kan ló ń tán in. Ọ̀gá mi rí mi tí mò ń ju èèpo rẹ̀ sínú ike ìdọ̀tí, ló bá pariwo bíi pé mo ju owó nù. Lóòótọ́ owó ni mò ń jù nù. Torí nǹkan mẹ́rin ló wà nínú kátíríìjì kan, èèpo idẹ, pírámà ìdí rẹ̀ tó ń tanná bí káàpù ṣakabùlà ṣe ń tanná, ẹ̀tù, àti orí ọta. Tí o bá ti yìn ín, pírámà ti jó, ẹ̀tù ti jó, orí ọta ti lọ, èèpo idẹ nìkan ló kù, òun ló sì wọ́n jù nínú gbogbo wọn. Ó ṣeé tún kì, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì.

Bí mo ṣe gbọ́ pé ó ṣeé tún kì báyìí ni ojú mi ṣí sódì.

Wọ́n ní ọjà kan tí wọ́n máa ń ná ní òpin ọ̀sẹ̀, gun show ni wọ́n ń pè é, inú gbọ̀ngàn ńlá ni, tábìlì lọ rẹrẹ. Mo bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tó ń ta prẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ búlúù kan, prẹ́ẹ̀sì ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ki kátíríìjì. Àwo kan wà lára rẹ̀ tó ń yí, tí o bá fa ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nínú idẹ àkọ́kọ́ pírámà àtijọ́ á yọ, ìkejì á gba pírámà tuntun, ìkẹta á gba ẹ̀tù, ìkẹrin á gba orí ọta, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kátíríìjì tó ti parí á sì já bọ́ sínú abọ́, kó, kó, kó. Ọkùnrin náà ń fà á bíi kò sí nǹkan tó le níbẹ̀. Mo san dọ́là 450 lójú ẹsẹ̀, tòkunbọ̀ sì ni o. Ìyàwó mi ò gbọ́ iye yẹn títí a fi kúrò ní Texas, tó bá jẹ́ ibí ló ti máa kà á, olólùfẹ́ mi, má bínú.

Prẹ́ẹ̀sì ọ̀ún ò ní àlébù kankan, èmi ni mi ò tíì tó o lò. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà, tó ń ki ẹgbẹ̀rún ọta ìbọn kékeré lóṣù, irú prẹ́ẹ̀sì yẹn ló tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, bí ìgbà tí wọ́n ní kí o máa se iṣu, kí o máa gún iyán, kí o máa bu ọbẹ̀ fún àlejò ní ìṣẹ́jú kan náà ni, iyán kókó ló máa gbẹ̀yìn ẹ̀. Nínú 100 tí mo kọ́kọ́ ṣe, mo rí ọ̀kan tí pírámà rẹ̀ kọjú sódì, mo tún rí méjì tí kò sí ẹ̀tù nínú wọn rárá. Orí ló bá mi mú un, bí mo ṣe ń kó wọn sínú páálí ni mo rí i pé wọ́n fúyẹ́ lọ́wọ́. Ọta tí kò ní ẹ̀tù léwu ju bó ṣe ń dún létí lọ, torí pírámà nìkan lágbára láti ti orí ọta wọnú ọ̀nà ìbọn kó sì há síbẹ̀, o lè má mọ̀, o tún yìn èyí tó tẹ̀lé e, ọ̀nà ti dí, agbára yẹn á wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ jáde, ojú rẹ ló wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀ún.

Mo kó gbogbo 100 náà lọ bá ọ̀gá mi. Kò bá mi jà, ó kàn mú mi wọ gáréèjì rẹ̀, ó fi prẹ́ẹ̀sì tiẹ̀ hàn mí, ti ilé iṣẹ́ RCBS, aláwọ̀ ewé, ihò kan ṣoṣo ló ní fún irinṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lára idẹ, ó ti lò ó fún nǹkan bí 30 ọdún. Ó ní RCBS yẹn, orúkọ ẹranko ló wà nínú ẹ̀, rock chuck, ẹranko orí àpáta kan tó sanra bí ọ̀yà, ọta tí wọ́n fi ń pa á ni ẹni tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ kọ́kọ́ ń wá ọ̀nà láti ṣe. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ ò rí i, tí wọ́n bá dá a sílẹ̀ ní Èkìtì, Ọ̀yà ni ì bá máa jẹ́. Prẹ́ẹ̀sì oníhò kan yìí, iṣẹ́ kan náà ni o máa ṣe fún gbogbo idẹ 50, o ò tíì ní bọ́ sórí iṣẹ́ kejì. O yọ pírámà gbogbo wọn tán, o tò wọ́n sínú pákó oníhò, o fi pírámà tuntun sí gbogbo wọn tán, o tún tò wọ́n. Tó bá wá kan ẹ̀tù, o dà á sínú gbogbo wọn, o wá fi tọ́ọ̀ṣì wo inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó di pé o fi orí ọta dé e. Èyí tó bá ṣófo, ojú rẹ á rí i. Èyí tó bá gba ìlọ́po méjì, ojú rẹ á rí i. Ó pẹ́ o, wákàtí méjì lè lọ lórí 50. Kí ni mo fẹ́ fi wákàtí náà ṣe tẹ́lẹ̀, ṣebí bọ́ọ̀lù ni ǹ bá máa wò.

Mo ta prẹ́ẹ̀sì búlúù ní dọ́là 380, mo ra oníhò kan ní tòkunbọ̀, dọ́là 90. Irin ni, kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀, tòkunbọ̀ rẹ̀ ò léwu rárá. Tí owó ò bá sí, ilé iṣẹ́ Lee ní èyí tó rọjú jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n tiẹ̀ ní kékeré kan tó jẹ́ pé òòlù ni wọ́n fi ń lù ú, kò nílò prẹ́ẹ̀sì rárá.

Dáì ló kàn. Dáì ni irin tí o máa dè mọ́ prẹ́ẹ̀sì, méjì ló ń wà nínú páálí fún ráífù, ọ̀kan á dá idẹ padà sí ìwọ̀n rẹ̀ torí pé ó ti wú nígbà tí o yìn ín, á sì ti pírámà àtijọ́ jáde, ìkejì á fi orí ọta jókòó. Ẹ wá gbọ́ ìtìjú tèmi. Mo ti gbọ́ ọ pé .308 àti 7.62 àwọn ológun fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, òótọ́ sì ni, 7.62x51 ni tiwọn. Èmi rí páálí dáì kan tí wọ́n kọ 7.62 sí lára gàdàgbà, owó rẹ̀ rọjú, mo gbé e. Mo délé, idẹ ò wọlé, mo tì í, ó kọ̀, mo wá wo ara páálí dáadáa, 7.62x39. Ti AK ni mo rà! Nọ́ńbà iwájú yẹn kàn ń sọ bí ọ̀nà ìbọn ṣe fẹ̀ tó, èyí tó wà lẹ́yìn ló ń sọ bí èèpo ṣe gùn tó, ẹ ka méjèèjì, ẹ má ṣe bí tèmi.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá lára idẹ náà tún wà. Idẹ ráífù gbọ́dọ̀ rí ọ̀rá díẹ̀ lára kó tó wọ dáì àkọ́kọ́. Ọ̀rá yìí, wọ́n ń tà á nínú agolo, kò tó dọ́là 15, ó sì ń pẹ́ kó tó tán. Mo gbàgbé lórí ẹyọ kan péré, ó wọlé, ó há, mo fi agbára fà á, etí idẹ fà ya, ó kù sínú dáì bí egungun ẹja lọ́nà ọ̀fun. Mo tún ní láti lọ ra irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yọ ọ́. Ẹni tó ń ta á fún mi ní ṣọ́ọ̀bù kàn wò mí, ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, àbí?

Ní ti idẹ, mo lérò pé mo gbọ́n, mo máa ń ṣa èyí táwọn èèyàn bá yìn sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta àfojúsùn. Ọ̀fẹ́ wù mí, ọmọ Èkìtì ni mí. Ṣùgbọ́n idẹ ológun ló pọ̀ nínú wọn, àwọn ológun máa ń tẹ etí ihò pírámà mọ́ra kó má bàa já bọ́, pírámà tuntun ò wá ráàyè wọlé àfi tí o bá kọ́kọ́ gbẹ́ etí yẹn kúrò. Mo run bíi 15 pírámà kí ó tó yé mi. Àwọn kan nínú wọn tún ní ihò kékeré méjì nínú dípò ẹyọ kan láàrin, ìyẹn ò ṣeé tún kì pẹ̀lú irinṣẹ́ tiwa, abẹ́rẹ́ inú dáì tó ń ti pírámà jáde ló máa ṣẹ́. Nígbẹ̀yìn, idẹ tí èmi fúnra mi rà ní tuntun tí mo yìn nínú ìbọn tèmi ni mo fọkàn tán, mo mọ iye ìgbà tí mo ti yìn ọ́n, mo sì kọ ọ́ sára páálí.

Ó wá kan sìkéèlì. Mo ti náwó sórí prẹ́ẹ̀sì, mo ti náwó sórí dáì lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tó kan sìkéèlì mo wá di ahun. Mo ra kinní kékeré kan tó ń lo bátìrì, dọ́là 25, ó ṣeé fi sápò. Gréènì ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù, 7,000 gréènì ló wà nínú páùn kan, ẹ wá fojú inú wo bí gréènì kan ṣe kéré tó. Sìkéèlì tó dáa gbọ́dọ̀ mọ ìdá kan nínú mẹ́wàá gréènì kan. Kinní tèmi náà kọ ọ́ síwájú pé òun mọ̀ ọ́n.

Alẹ́ ọjọ́ kan lóṣù Keje, ẹni tó bá mọ ooru Texas á mọ ohun tí mò ń sọ, mo tan fáànù sí gáréèjì, mo jókòó, mo wọn ẹ̀tù fún 60 kátíríìjì, mo dé gbogbo wọn, inú mi dùn. Nígbà tí mo fẹ́ palẹ̀ mọ́ ni mo gbé abọ́ kékeré ẹ̀tù padà sórí sìkéèlì láìsí nǹkan nínú ẹ̀, ibi òdo ló yẹ kó wà, ó gbé 1.8 wá. Mo gbé e kúrò, mo tún gbé e padà, 1.5. Mo pa fáànù, ó tún yí padà. Atẹ́gùn fáànù ló ń ti abọ́ náà láti ìgbà tí mo ti jókòó, bátìrì náà sì ti ń kú lọ, mi ò wá mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ fún mi. Ṣé láti orí ẹyọ kẹwàá ni, àbí ogójì? Èwo ló pọ̀jù nínú wọn, èwo ló kéré?

Ẹ̀mí Bàbá Ọdẹ inú mi sọ pé kí ni gréènì méjì, yìn ín jàre. Wọ́n ò kúkú ń wọn nǹkan kan, wọ́n sì ti ń yìn ín láti ọjọ́ tí wọ́n ti wà léwe. Mo pe ọ̀gá mi, ó ti fẹ́ sùn, mo bi í. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, ẹ̀tù dúdú tí bàbá yín ń lò yàtọ̀, ó máa ń forí ji èèyàn díẹ̀, èyí tó wà níwájú rẹ yẹn kì í forí ji èèyàn. Ó ṣàlàyé pé agbára ẹ̀tù aláìléèéfín kì í gòkè ní ìwọ̀n bí o ṣe ń fi kún un, tó bá ti súnmọ́ ibi tó pọ̀ dé, díẹ̀ péré lo máa fi sí i tí agbára á fi fò sókè. Ibi tí wọ́n fi òté sí fún .308 jẹ́ 62,000 páùn lórí íǹṣì kan níbùú lóròó. Táyà mọ́tò rẹ, bíi 35 ló wà níbẹ̀. Ìwọ̀n ìka mélòó kan ni ojú rẹ fi jìnnà sí 62,000 yẹn nígbà tí o bá fi ìbọn lé èjìká. Kẹ́ ẹ má sì rò pé ṣakabùlà ò ṣe nǹkan o, ọdẹ kan wà nínú ẹgbẹ́ Bàbá Ọdẹ tó jẹ́ pé ìka mẹ́ta ló kù lọ́wọ́ òsì rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tú gbogbo 60. Irinṣẹ́ kan wà tó dà bí òòlù oníke, o máa fi kátíríìjì há a lórí, o máa là á mọ́ pákó, orí ọta á yọ jáde pẹ̀lú ẹ̀tù. Ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́ta ni mò ń là á kí ọ̀kan tó yọ, ẹ ṣírò ẹ̀. Aládùúgbò wa, obìnrin ará Mẹ́síkò, wá kan ilẹ̀kùn láago 11 alẹ́ pé ṣé kò sí nǹkan. Irinṣẹ́ yẹn, bíi dọ́là 20 ni, ẹ rà á pọ̀ mọ́ ẹrù àkọ́kọ́, torí ọjọ́ tí o máa nílò rẹ̀ ń bọ̀, kò sí ẹni tí kì í nílò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ ra sìkéèlì alápá, ti àtijọ́, èyí tí ó ń fì sókè fì sódò kó tó dúró, dọ́là 60 ní tòkunbọ̀. Kò ní bátìrì tó máa kú, ó kàn jókòó ni. Mo tún ra àwọn òkúta irin kéékèèké tí wọ́n ti kọ ìwọ̀n wọn sára wọn, kí n máa fi wọ́n dán an wò kí n tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí mo bá parí. Mo ṣì máa ń lo sìkéèlì oníbátìrì lẹ́yìn ìgbà yẹn o, torí ó yá, ṣùgbọ́n ẹyọ kan nínú mẹ́wàá ni mo máa ń gbé lọ sórí alápá láti lọ jẹ́rìí, fáànù ò sì wọ gáréèjì yẹn mọ́, kí n làágùn kú síbẹ̀ ló tẹ́ mi lọ́rùn.

Àwọn kan á ní ìwé ìwọ̀n ẹ̀tù ló yẹ kó ṣáájú sìkéèlì. Òótọ́ ni, ìwé tèmi ọ̀gá mi ló fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ ni mi ò ṣe kà á mọ́ ohun tí mo rà. Ilé iṣẹ́ Hornady ń tẹ̀ ẹ́, ilé iṣẹ́ Lyman ń tẹ̀ ẹ́, ẹ ra méjì tí owó bá wà. Ibẹ̀ lo ti máa rí ìwọ̀n tí o máa fi bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí o ò gbọ́dọ̀ kọjá fún orí ọta tí o ní àti ẹ̀tù tí o ní, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, má gbọ́ ìwọ̀n lẹ́nu ẹnikẹ́ni, títí kan ẹnu èmi, ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ ìwọ̀n kankan síbí. Orúkọ ẹ̀tù náà, ẹ kà á dópin. H4350 wà, IMR 4350 náà wà, nọ́ńbà kan náà ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀tù kan náà. Agolo ẹ̀tù kan ṣoṣo ni kó máa wà lórí tábìlì, èkejì ò gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

Kàlípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn gígùn idẹ, òun náà o gbọ́dọ̀ rà á, torí pé idẹ máa ń gùn sí i bí o ṣe ń yìn ín tí o sì ń tún un kì. Èèpo .308 ò gbọ́dọ̀ gùn ju 2.015 íǹṣì lọ, tó bá ti kọjá ibẹ̀ wọ́n máa ń gé e padà sí 2.005. Kàlípà 30 dọ́là ṣe iṣẹ́ yẹn fún mi dáadáa.

Àwọn nǹkan tó kù lè dúró. Tọ́ńbìlà tó ń fọ idẹ kó máa dán, mo rà á lọ́sẹ̀ kejì, kò sì pọn dandan, idẹ tó mọ́ níwọ̀nba tí o fi àkísà nù ti tó. Ṣùkù àgbàdo lílọ̀ ni wọ́n ń dà sínú ẹ̀ kó máa ha idẹ. Ṣùkù o! Èyí tí ìyá mi ń fi dáná ní Ire, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n kó o sínú àpò, mo sì fi dọ́là rà á. Èyí tó wá burú jù ni pé mo mú asẹ́ ìyàwó mi ní kíṣìnnì, mo fi sẹ́ ṣùkù náà kúrò lára idẹ, mo fọ̀ ọ́, mo dá a padà. Ó bi mí ní ọjọ́ kẹta pé eruku dúdú wo ló wà lára asẹ́ òun. Eruku ọ̀ún, òjé wà nínú ẹ̀, láti inú pírámà tó jó, òjé sì ni nǹkan tí kò yẹ kó wọ ẹnu ọmọdé rárá, ọmọ ọdún méjì sì wà nínú ilé wa. Mi ò ní rántí ohun tó sọ sí mi lọ́jọ́ náà síbí. Mo ra asẹ́ tuntun méjì, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún gáréèjì, láti ọjọ́ yẹn mi ò jẹun mu omi nídìí tábìlì yẹn mọ́, mo sì ń fọwọ́ kí n tó gbé ọmọ.

Ẹ̀tù àti pírámà, inú agolo àti páálí tí wọ́n bá ti tà á fún ọ ni kó máa wà, níbi tó tutù, tó gbẹ, tó jìnnà síná, tó sì ní kọ́kọ́rọ́. Ìlànà ààbò iná wọn níbẹ̀ ní tí ẹ̀tù inú ilé gbígbé bá ti ju 20 páùn, inú àpótí pákó tó nípọn ló gbọ́dọ̀ wà, páùn mẹ́ta ni mo ní rí tó pọ̀ jù. Páùn kan á kún nǹkan bí 150 kátíríìjì .308, ó pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn. Pírámà ló ń dá ìṣòro sílẹ̀. Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, pírámà kàn pòórá lórí igbá, páálí 1,000 tí mo ń rà ní bíi dọ́là 35, mo rí ibi tí wọ́n ti ń pè é ní 100 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí o bá tún rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó ẹrù eléwu á tún gorí owó ìfiránṣẹ́, ẹyọ páálí kan ò tó èèyàn rà bẹ́ẹ̀, àwa mẹ́ta ní wíàháòsì la máa ń dá a.

Ẹ bi mí bóyá mo jèrè. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo ti ń lò ó fún ọdún mẹ́ta, mo rí i pé n kò tíì gba owó irinṣẹ́ padà, mo ya pépà náà.

Nígbà tí à ń palẹ̀ mọ́ láti padà wálé mo ta prẹ́ẹ̀sì, dáì, gbogbo ẹ̀, ẹ̀tù àti pírámà mo fi ta ọ̀gá mi lọ́rẹ, ìbọn náà mo tà á padà fún ṣọ́ọ̀bù. Mi ò tiẹ̀ rò ó wò láti kó wọn wálé. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ò fàyè gbà á kí èèyàn jókòó sí Adó-Èkìtì máa ṣe ọta nínú ilé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Àwọn ọdẹ méjì kan gbọ́ pé ọmọ Bàbá Ọdẹ mọ̀ ọ́n kì, wọ́n wá bá mi pé kátíríìjì ti wọ́n jù, ṣé mi ò lè bá wọn wá nǹkan ṣe sí i. Mo bu ẹmu fún wọn. Mo ní ẹ̀wọ̀n ò wù mí.

Sìkéèlì alápá yẹn nìkan ni mo kó wálé, òun àti kàlípà. Kàlípà ti di ti mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀ wa, ó kàn máa ń dá a padà tí mo bá ránṣẹ́ sí i ni. Sìkéèlì ni mo gbé lọ sí Ire lọ́jọ́ Àìkú kan, mo gbé e sórí tábìlì níwájú Bàbá Ọdẹ, mo ní kí wọ́n da ẹ̀tù sí àtẹ́lẹwọ́ bí wọ́n ṣe máa ń dà á, kí wọ́n wá dà á sínú abọ́ yìí. Wọ́n wò mí bíi pé mo fẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n tú àdó, wọ́n dà á. 72. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe. 74. Ẹ̀ẹ̀kẹta, 71. Mi ò sọ̀rọ̀. Mo kàn ń wo apá sìkéèlì bó ṣe ń fì.

Bàbá Ọdẹ da ẹ̀tù wọn padà sínú àdó, wọ́n gbọn abọ́ náà kó má kù síbẹ̀, wọ́n wá bi mí pé èló ni mo ra kinní ọ̀ún. Mo ní dọ́là 60. Wọ́n ní kí n ṣírò rẹ̀ sí náírà.

Mi ò ṣírò rẹ̀ fún wọn.